Èmi Gan-an Ni Mo Wà Lórí Kẹ̀kẹ́ Náà

Amúnudùn, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àtẹ̀gùn tí o ní o máa ń gùn títí kí o tó débi tí o ń sùn ńkọ́? Ọlọ́run tó fún ọ ní ojú méjì, tí ìwọ fúnra rẹ tún fowó ra ẹ̀kẹta kọ́ sọ́rùn, kò ní jẹ́ kí ìkankan nínú wọn fọ́. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́, nítorí òjò ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òjò á tún padà, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ nígbà tí o ní inú àwọsánmà lo kó gbogbo fọ́tò rẹ pa mọ́ sí. Jọ̀wọ́, kó wọn wọlé kíá. Àpótí aṣọ mi ṣì láyè.

Bírò ni mo fi ń kọ èyí, torí fóònù yìí ti mọ̀wé jù. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, á yí i padà sí èyí tó wù ú, mi ò sì fẹ́ kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ òní.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń sọ ọ́ pé, nígbà tí mo wà lọ́mọge ní ìlú ńlá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo fi ń pín búrẹ́dì láràárọ̀ fún ilé búrẹ́dì kan ní àdúgbò tí ìwọ náà ń gbé báyìí. Ta ló gbà mí gbọ́? Ìyá Aránṣọ, alága ẹgbẹ́ wa, ló sọ mí ní Ìyá Aláàlọ́. Bí mo bá ti lanu báyìí, á ké “Ààlọ́ o!”, àwọn yòókù á sì dáhùn “Ààlọ̀!” Bàbá rẹ tí mo bímọ fún, wọ́n á kàn máa wo òkè àjà. Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o rò pé mi ò rí ọ nígbà tí o máa ń fọwọ́ bo ẹnu?

Nígbà tí o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tí o ní fọ́tò òpópónà lo fẹ́ máa yà, mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo ní kí lèèyàn fẹ́ fi fọ́tò atúnbàtàṣe tó jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ṣe, àti ti obìnrin tó ń lọ aṣọ lójú fèrèsé, àti ti ọkùnrin méjì tó ń ti ọmọlanke? Wọn ò kúkú ṣe ìnáwó. O tún ní o ń tọpa ìtàn àdúgbò, pé o ń lọ láti ilé dé ilé kí àwọn àgbà lè yọ fọ́tò àtijọ́ wọn fún ọ, kí o lè gbé tuntun àti ti àtijọ́ kọ́ sára ògiri òpópónà fún gbogbo ayé. Èyí tó wá já wa láyà jù ni pé èrò rẹpẹtẹ ló ń tẹ̀lé ọ lórí fóònù. Bàbá rẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń tẹ̀lé ọmọbìnrin, ọlọ́pàá là ń pè, ká má tíì sọ ti èrò. Bí o bá wẹ̀yìn tí o rí wọn, yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, kí o ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan.

Àfi lọ́jọ́ tí fóònù dún, tí mo ṣí i, tí mo rí ara mi! O ní ìyàwó oníbúrẹ́dì, tó ti di arúgbó, ló yọ fọ́tò náà nínú agolo bisikíìtì, pé èjí ọmọge náà ló dá ọ dúró, torí èjí yẹn lo máa ń rí nínú dígí láràárọ̀. Èmi ni, ọmọ mi! Mo wà lórí kẹ̀kẹ́, àpótí búrẹ́dì wà lẹ́yìn, mo ká etí aṣọ sókè, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ni títì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ kan ojú ara mi, fọ́tò náà bá sá lọ, atúnbàtàṣe rẹ ló yọ sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó yà lọ́nà. Aṣọ náà pupa o. Fọ́tò ayé ìgbà yẹn ò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, torí náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ lára ògiri pé pupa ni, pupa fòò.

O ní àwọn èèyàn ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí mi lórí fọ́tò náà. Bàbá rẹ ní àwọn wo? Ṣé wọ́n mọ̀ pé obìnrin náà ní ọkọ? Jọ̀wọ́, bá wa dá àwọn ọkàn náà padà, kí o dá ẹyọ kan sí fún mi.

Mo gbé fóònù lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ìyá Aránṣọ gbé awò sójú, ó yí fóònù sókè, ó yí i sódò, ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, pé ọmọ mi ló gé orí mi lé ọrùn ẹlòmíì, bí ẹni rán kọ́là mọ́ aṣọ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ké ààlọ́ o. Ọmọ mi, inú bí mi. Kí wọ́n pe èmi ní òpùrọ́, ó ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní èké? Mo dìde. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Mo sọdá sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, mo ní kó yá mi ní èyí tó ga jù. Ó ní ìyá, bíréèkì rẹ̀ ò mú o. Mo ní ta ló fẹ́ dúró? Mo ká etí aṣọ, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá. Orúnkún mi ké, mo ní kó dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà kọ́kọ́ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n kí n tó dé iwájú ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ mi rántí. Ẹsẹ̀ ò gbàgbé, ọmọ mi! Afẹ́fẹ́ gba gèlè mi, mi ò wẹ̀yìn. Mo tẹ aago, ewúrẹ́ yà, alùpùpù yà. Ìyá Aránṣọ ló ṣíwájú àwọn tó ń sáré lẹ́yìn mi, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń ké pé òun ti gbà, òun ti gbà, kí n dúró! Bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n jáde síta tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ti fá ìdajì orí wọn, ìdajì kù, wọ́n lanu sílẹ̀. Mo juwọ́ sí wọn. Ọwọ́ kan ni mo fi di kẹ̀kẹ́ mú! Òkìtì iyanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wá dá mi dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ṣubú, irọ́ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn ń pè mí báyìí. Ìyá Aránṣọ ní kí n kọ́ òun náà, mo ní kó kọ́kọ́ rán ṣòkòtò.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń bá ọ ṣètò fọ́tò ara ògiri náà fi ránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ní ṣé mo gbà kí wọ́n lo ojú mi títí ayé, mo ti fọwọ́ sí i. Mo kàn kọ ọ́ sétí rẹ̀ pé ojú tó wà nínú fọ́tò ni kí wọ́n lò, torí eléyìí tó wà lọ́rùn mi, mo ṣì ń lò ó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún àti fún kẹ̀kẹ́ tèmi. Má fi í gba báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní mi ò ní àṣírí kankan, ó bá gbé káàdì mì. Àná, bí bàbá rẹ ṣe ń mu tíì, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìjókòó lẹ́yìn, èyí tó fẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí o bá kọjú sí, á mọ́lẹ̀ fún ọ. Ẹni tí o bá yà, á pẹ́ láyé títí á fi rí ara rẹ̀ bí mo ṣe rí ara mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oníkẹ̀kẹ́.