Ewé Máńgòrò Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Pín

Olóòtú wa, àsàlámù àlékúmù. Ẹ má dárúkọ mi o. Ará Yantala ni mí, àdúgbò tí àwa Yorùbá àti àwọn Zarma onílẹ̀ jọ ń gbé.

Igi máńgòrò mẹ́ta ló wà lágbàlá wa, èso wọn ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Lọ́dún yìí, àrùn kan mú wọn: ewé ń bu, ó ń ní àmì dúdú, òdòdó ń rẹ̀ dànù. Ọ̀gá tó mọ̀ nípa igi ní kí n gé ẹ̀ka tó ti kó àrùn, kí n sun ún, kí n tó fín oògùn.

Mo gé e. Kí n tó rí ìṣáná, ìyá ọkọ mi ti kó ewé sínú agbọ̀n. Wọ́n ní, "Ewé àgbo ibà lo fẹ́ dáná sun?" Wọ́n pín in láti ilé dé ilé. Àwọn Zarma ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní èdè tiwọn, "fofo", àwọn tiwa ń ṣàdúà fún wọn.

Ní báyìí, máńgòrò gbogbo ilé tí ewé náà dé ti ń ṣàìsàn. Mo fín oògùn títí apá fi ń ro mí, àrùn tún gba orí ògiri padà wá. Inú ń bí mi! Mo tún gé ẹ̀ka lánàá, wọ́n tún gbé agbọ̀n jáde.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé àánú wọn ló ń pa igi? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, kí ẹ sì gbóhùn sókè. Ìyá kì í pa ètò yín jẹ.