Rapa Funfun Tí Bọ̀ọ̀dá Adélaní Gbìn

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ lọ, Bọ̀ọ̀dá Adélaní. Ọdún mẹ́ta! Oṣù Kìíní tún ti dé, kùrukùru tún ti bo ẹ̀yìn Padua bí aṣọ òkú, Ọmọ́ṣaléwá ìyàwó yín sì tún ń da àwọn àgùntàn jáde láàárọ̀. Bàtà rọ́bà yín ló ń wọ̀. Ó tóbi jù ú lọ, ìbọ̀sẹ̀ méjì ló ń wọ̀ sí i. Kò gbà kí a ra tuntun fún un.

Tíolúwaní yín ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí a bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Italian ló fi ń fèsì, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sùn, fìlà yín ló ń dì mọ́ra. Ilé àgùntàn tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ó ti parí, ó ti gba páànù. Signor Bepi, padrone yín tó ni oko, ti darúgbó. Ìyàwó yín ló fa iṣẹ́ yín lé lọ́wọ́. Òun ló ń sún wáyà iná tó ń sé àwọn àgùntàn mọ́ síwájú nínú pápá, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń fún wọn kí wọ́n tó wọnú rapa, ẹ̀fọ́ oníṣu tí ẹ máa ń gbìn fún wọn, kí inú wọn má baà wú. Gbogbo nǹkan yín ló ń lọ déédéé, Bọ̀ọ̀dá. Ọkàn rẹ̀ nìkan ló dúró sójú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ rapa bí ẹní mọ ojú ọmọ! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé funfun a máa yá. Àádọ́rin ọjọ́, ó ti tó jẹ. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó rọ̀ bíi tẹ̀tẹ̀, iṣu rẹ̀ sì jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí eyín àgbà àgùntàn ti lè bù ú. Ṣùgbọ́n yìnyín gidi kan péré, ó parí. Pupa rúsúrúsú ń pẹ́, ewé rẹ̀ le, ó korò, àmọ́ ó ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, yìnyín ò rí i gbé ṣe. Ọdọọdún lẹ máa ń wí i: funfun títí dé Kérésì, pupa lẹ́yìn Kérésì.

Lóṣù Kẹjọ 1995, funfun lẹ fi gbin gbogbo pápá. Gbogbo rẹ̀!

Yìnyín bọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, rapa ti di omi, ó ń rùn. Ebi ń pa àwọn àgùntàn. Padrone ní kí ẹ kó wọn gba títì lọ sí pápá aládùúgbò tó ṣì ní pupa. Aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú kùrukùru, ẹ wà níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Camion yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kò rí yín. Àgùntàn mọ́kànlá, àti ẹ̀yin. Áà, ikú, o ò lójú àánú!

Lọ́jọ́ tí a sin yín, Àǹtí Ọlábímpé, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Brescia, dìde láàárín èrò: "Ta ló ní kó gbin funfun?"

Ìyàwó yín, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbé orí sókè.

"Èmi ni, mà. Ewé rẹ̀ ló wù mí jẹ."

"Ọ̀fun rẹ ló pa ọkọ rẹ!"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ ò kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí a bá sì pàdé ní Brescia, Àǹtí á ní, "Ẹ bu ẹ̀fọ́ fún ọlọ́fun o." Ìyàwó yín á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á lọ fọ abọ́.

Lóṣù Kẹjọ tó kọjá, padrone gbé àpò irúgbìn méjèèjì ka iwájú rẹ̀, ó ní kó yan èyí tó bá wù ú. Kò tilẹ̀ wo funfun. Nígbà tí pupa hù, Tíolúwaní já ewé kan jẹ, ó tu ú dànù: "Mamma, è amara!"

"Jẹ́ kó korò, ọmọ mi," ni ó wí. "Yóò dúró."

Bọ̀ọ̀dá, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Èmi Ṣìkẹ́mi, àbúrò yín, ni wọ́n ní kí n kọ ìrántí ọdún yìí, kí n kà á sí etí gbogbo ilé, nítorí pé èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í kọ. Ìfẹ́! Lóṣù Keje 1995, Boaz ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrùka sí mi lọ́wọ́, ọkàn mi ń fò bí ẹyẹ. Mo wọ rélùwéè láti Marghera wá bá yín. Ìyàwó yín se ewé rapa funfun tí ẹ fi ṣe ìdánwò lẹ́yìnkùlé, mo lá abọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, funfun nìkan ni kí ẹ gbìn o! Ẹ̀fọ́ tó dà bí ti ilé ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn Boaz jẹ níbi ìdána mi ní Kérésì."

Ẹ bú sẹ́rìn-ín: "Ṣìkẹ́mi, àgùntàn mélòó ni Boaz ń kó bọ̀?"

"Bàbá Tíolú, ẹ má dá a lóhùn," ìyàwó yín wí. "Yìnyín ò mọ ìdána."

Òun ló kìlọ̀! Òun! Èmi ni mo bú sẹ́kún, ẹ̀yin lẹ sì ní, "Ó tó, ó tó, màá gbìn ín." Wọ́n jẹ ẹ́ níbi ìdána mi, wọ́n sì yìn ín. Ìdána náà ò tíì pé oṣù kan tí a fi sin yín. Ìyàwó yín wo òrùka mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Èmi ni, mà." Mo sì dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dákẹ́!

Àǹtí Ọlábímpé ń gbọ́ bí mo ṣe ń kà á yìí. Kí wọ́n gbé ojú kúrò lára ìyàwó yín. Èmi nìyí, kí wọ́n wò mí.

Mi ò tíì lè bẹ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá. Ìyàwó yín ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Yìnyín bọ́ lánàá, mo sì bá a dé pápá láàárọ̀ yìí. Pupa yín dúró ṣinṣin, àwọn àgùntàn yín ń jẹ, wọ́n ń yó. A ń wá yín. A fẹ́ràn yín, a ò sì lè ṣíwọ́. Bàtà yín ṣì tóbi jù ú lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ó ṣì ń wọ̀ ọ́.