Ẹ̀wà Tí Mo Bá Dókítà Eléré Ṣà

Ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọ̀nà tí o ń tọ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀ yẹn kò ní í kọ ẹsẹ̀ rẹ. Èmi náà wà, eegun mi ló kàn ń ké.

Nítorí ọmọ rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé e wálé nílé ìwé pé ó ń gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ọsibítù ni mò ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí mo sọ ní Dókítà Eléré, torí kò fún un lóògùn, kò gún un lábẹ́rẹ́, eré ló ń bá a ṣe. Ó ní eré niṣẹ́ ọmọdé, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ sùúrù àti bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Mo ní hẹn, owó ọkọ̀ wá ńkọ́?

Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ ẹ̀wà gbígbẹ síwájú ọmọ, ó da bọ́tìnì sí i, ó ní kó máa fọwọ́ wá wọn jáde. Mo ní áà, ọsibítù tó tó báyìí, wọn ò rẹ́ni bá wọn ṣa ẹ̀wà! Bó ṣe yíjú báyìí ni mo fa abọ́ mọ́ra, mo ṣa bọ́tìnì kúrò, mo fẹ́ ìdọ̀tí dànù, ó ku ká gbé e kaná. Ọmọ rẹ figbe ta, ó gé mi jẹ lọ́wọ́. Dókítà Eléré rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ ṣeun, Mà, ṣùgbọ́n ìbínú inú ọmọ yìí gan-an lòun ń ṣà. Ó da bọ́tìnì padà, ó ní kí n káwọ́ lẹ́rán. Èmi, káwọ́ lẹ́rán! Nílé náà, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀; kó tó so okùn bàtà kan, mo ti gbálẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ní ìjẹta, ọmọ rẹ fún ọmọ aránṣọ àdúgbò wa ní bọ́tìnì lọ́wọ́, kò gé e jẹ.

Lánàá ni wọ́n to páálí tí wọ́n ya àwòrán ojú sí sílẹ̀, ojú ẹ̀rín, ojú ìbínú, ojú àárẹ̀. Mo rò pé àwọn tó jẹ ọsibítù ní gbèsè ni, mo ń wò bóyá mo mọ ẹnì kan níbẹ̀. Dókítà ní kí ọmọ mú ti Ìyá Àgbà. Ojú àárẹ̀ ló gbé lé mi lẹ́sẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ó ní kó mú ti ìyá rẹ̀, ìyẹn ìwọ, wàyí. Ó wò wọ́n títí, ó dojú páálí kan délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun báláú ló nà sí wa.

Fún ìdí èyí, a nílò owó ọkọ̀. Má fi í sí fóònù o, ìwọ ni kí o gbé e wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tí o bí mọ ojú rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ti rẹ̀