Àsíá Tí Ilẹ̀kùn Bá Mi Dì Mú

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun,
Oṣù Kẹta, 1997.

Bọ̀dá mi Nehemiah,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà ní Òṣogbo. Èmi nìkan ló kù nílé.

Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó àsíá ìjọba ìbílẹ̀ wa tuntun. Mo ní kí aláwọ̀ ewé dúró fún oko, kí funfun jẹ́ àlàáfíà, ká wá ya iṣu sáàárín. Nípàdé, Bàbá Àkànó ní, "Ṣèyí, iṣu Ìfọ́n ni àbí ti Ìlọ́bù tá a jọ pààlà?" Ẹ̀rín pa gbogbo ìpàdé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yà á ná, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á mọ̀."

Télọ̀ ń sún un dọ̀la dọ̀la, ni mo bá rán an fúnra mi. Ẹni méjì ló ń na àsíá wò, kò sì sẹ́ni tí yóò bá mi di etí kejì mú. Ilẹ̀kùn yàrá yín ni mo fi há a. Ó gún régé, mi ò rẹ́ni fi í hàn.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde la ó ta á sókè. Ẹ má sọ pé ẹ ń rò ó, ẹ máa bọ̀. Ẹ bá mi ra okùn tó yi dání. Olúwa á ṣọ́ yín délé. Títí ẹ ó fi dé, ilẹ̀kùn yín ló ń bá mi dì í mú.

Àbúrò yín,
Ṣèyífúnmi.