Aṣọ Bísíkíìtì Tí Àgbò Wa Gbé Mì

Tàófíìkì ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ṣàngó níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún pè ọ́ wálé o, àmín. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé ẹkún ló wà lẹ́nu mi, ẹkún sì máa ń jẹ káàdì ju ọ̀rọ̀ lọ. Àgbò Iléyá wa ló fà á.

Páálí ńlá tí o fi rán Rauf onímọ́tò dé. Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo pe gbogbo ọmọ agboolé, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ wá, bísíkíìtì dé láti Ṣàngó. Mo tú páálí, mo bá páálí. Mo tú ìyẹn, mo bá ọ̀rá. Mo fa ọ̀rá ya, mo bá abọ́ ike pẹlẹbẹ, mo ní ó parí, àṣé ọ̀rá kéékèèké mìíràn ló kúnnú rẹ̀, bísíkíìtì méjì péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan! Háà! Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, ṣùgbọ́n inú páálí yìí, páálí ló ń jáde. Mo bá Rauf jà pé ó ti jẹ ẹ́ lọ́nà, ó búra títí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á.

Àwọn ọmọ jẹ tiwọn, kò dé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀rá sì kún apẹ̀rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán nílé yìí, ta la ń da ewé rẹ̀ fún? Ṣebí ẹran ni. Mo dà á fún àgbò. Ó gbóòórùn ṣúgà lára rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń mi ìrù. Mo tiẹ̀ pe bàbá rẹ kó wá wo ọmọ tó bọ́ èèyàn tó tún bọ́ ẹran.

Nígbà tó yá, àgbò kò jẹ koríko mọ́, ikùn rẹ̀ wú gbandi. Bàbá rẹ ní kí a dúńbú rẹ̀ kó tó kú fúnra rẹ̀ kó di hàráàmù. Àgbò tí a tọ́ láti kékeré! Bàbá rẹ kò lè fi ẹran náà kan ẹnu.

A la ikùn rẹ̀, ọ̀rá wà níbẹ̀, ó lọ́ mọ́ra bí òṣùká. Mo fi omi ṣàn án, ó ń dán! Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Èyí pẹ́ nínú àgbò, kò di àgbò. Ruqoyah àbúrò rẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀, ló bá pariwo pé orúkọ iléeṣẹ́ yín ni. Mo ní irọ́ ni, télọ̀ lọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo ní pákéjìn ni iṣẹ́ rẹ, mo bi ọ́ kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, o ní aṣọ lẹ ń wọ̀ fún ọjà? Gbogbo Adó-Odò ló mọ̀ pé ò ń ránṣọ, ańkárá mi ṣì wà nínú àpótí tó ń dúró dè ọ́. Àṣé bísíkíìtì lò ń ránṣọ fún! Òun wọ márùn-ún, ìyá rẹ ń wọ ẹyọ kan.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò bínú sí ọ. Bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n dín aṣọ yẹn kù, kò gbó, kò jẹrà. Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ kò gbọdọ̀ ti Yídì dé kó wá máa wo èèkàn lásán. Fi owó àgbò mìíràn rán Rauf. Má fi páálí dì í, má fi ọ̀rá wé e, ìhòòhò ni kó wá.

Ọlọ́run á fi aṣọ àṣírí bò ọ́, ọmọ mi. Ẹyọ kan péré náà ti tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìzát