Ojú Gìgísẹ̀ Nínú Mọ́tò Wa

                                        Ojúlé Kẹta,
                                        Òpópónà Orí-Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ìbejì náà ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, má rò pé ogbó ti dé. Ẹ̀rù ló ń bà mí, awakọ̀ tó máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ sì ti ní òun ò ní í pẹ́ gbéra.

O rántí pé nígbà tí sítíárìn píkọ́ọ̀pù wa ń mì, ìwọ ni mo bẹ̀ kó o bá wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò lọ́dọ̀ yín. Mo kọ orúkọ mọ́tò àti ọdún tí wọ́n ṣe é ránṣẹ́ sí ọ, o sì bá wa ra tairọ́ọ̀dù, irin olórí róbótó tó ń so sítíárìn mọ́ táyà. O ṣeun, o ò jẹ̀bi o. Ohun tí mo ní kó o rà lo rà. Mẹkáníìkì wa yọ ti tẹ́lẹ̀ tó ti jẹ, ó fi tuntun sí i, ó wọlé, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Inú wa dùn.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún un. O mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn: òkúta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Òjò dé bá wa. Nígbà tá a dé kọ́nà ìsàlẹ̀, ó yí sítíárìn, mọ́tò kò yí. Ó tún un yí, mọ́tò wá yí lójijì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, táyà wa sì dé etí ọ̀gbun gan-an. Mo rí omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọkọ mi nu òógùn ojú, ó ní, "Kò sí wàhálà." Ìwọ lo sọ ọ́ ní Kò-sí-wàhálà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Mi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé yìí.

Nígbà tá a rọra délé, mẹkáníìkì wá, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó mi gbogbo rẹ̀ jìgìjìgì. Ó ní irin náà ń mì, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀, torí orúkọ bára mu, ọdún bára mu. Èmi jókòó sí àyè mi nínú mọ́tò, mo ń rò ó pé kí ló dé tí mo fi rí ọ̀gbun yẹn kedere nínú òjò, tí ọkọ mi sì ń na ọrùn kó tó ríran. Apá ọ̀dọ̀ mi ni irin tó ń nu òjò ti máa ń nu gíláàsì dáadáa, látìgbà tá a ti ra mọ́tò náà. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò mọ ọ̀gá ilé. Mo bojú wolẹ̀. Rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ti jẹ lójú kan, ó ti di kòtò, gìgísẹ̀ mi sì wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. Èmi tí mo kàn ń jókòó, kí ni gìgísẹ̀ mi ń ṣe tí rọ́bà fi jẹ? Ẹni tó ń tẹ mọ́tò kó sáré ni gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń wà lójú kan báyẹn.

Mo bi mẹkáníìkì bóyá ẹnì kan ti jókòó síbí yìí wa mọ́tò yìí rí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ká rọ́bà náà sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ihò róbótó tí ọ̀pá sítíárìn máa ń gbà kọjá wà níbẹ̀, wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ dí i, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún, ní àyè mi gan-an, ni sítíárìn mọ́tò yìí wà nígbà tí wọ́n ṣe é! Ẹni tó yí i sọ́wọ́ òsì kò pààrọ̀ àwọn irin abẹ́ rẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ọdún kan náà, àmọ́ ihò irin ti ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ díẹ̀. Irin tuntun yẹn kàn wà nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀tì nìkan ló ń dì í mú.

Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Ó gbọ́, ó tiẹ̀ yin ojú mi. Ó wá ní òun ti ṣèlérí pé ilẹ̀kùn máa dé ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, òun á rọra wà á. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó máa tú ilẹ̀kùn palẹ̀ torí pé àgbékọ́ rẹ̀ mì díẹ̀, òun náà ló fẹ́ gbé sítíárìn tó ń mì sọ̀ kalẹ̀ òkè! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ lónìí, mo pe mẹkáníìkì pé kó wá yọ irin náà. Ó ní, "Ìyàwó ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tì mí sáàárín tọkọtaya." Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ìyá ọkọ mi jáde sí. O mọ̀ wọ́n: bí mo bá ní ó funfun, wọ́n á ní ó dúdú. Mo ní nínú ara mi pé ó ti parí. Àfi bí wọ́n ṣe gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n tanná sábẹ́ mọ́tò. Wọ́n ní, "Yọ ọ́. Tí ọmọ mi bá bi ọ́, sọ pé ìyá ẹ̀ ló ní kó o yọ ọ́." Ó yọ ọ́. Ní báyìí, sítíárìn kàn ń yí lásán ni.

Irin méjèèjì ló wà nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá. Èyí tí mo so aṣọ pupa mọ́ ni ti àtijọ́, èyí tó ń dán ni tuntun. Dákun, má wulẹ̀ dárúkọ ọdún fún òǹtajà. Gbé ti àtijọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kó o ní ti mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún lo fẹ́. Kó wọn gígùn rẹ̀, kó wọn bí ọrùn rẹ̀ ṣe nípọn tó, kó sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bó bá ní "ó jọ ọ́", kọjá sí ṣọ́ọ̀bù míì. Ó-jọ-ọ́ ló fẹ́ pa wá lọ́jọ́ Ajé.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Mo bi ìyá ọkọ mi léèrè ohun tá a máa sọ bí ọmọ wọn bá dé, torí ó máa bínú gan-an. Wọ́n ń fi etí ìró nu gírísì ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi tó ń bínú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́."

Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ mi níta báyìí, ó ti ń to ilẹ̀kùn sẹ́yìn mọ́tò. Ìyá rẹ̀ ti lọ jókòó sí àyè awakọ̀. Jẹ́ kí n lọ dúró tì wọ́n.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yé béèrè,
                                        Atọpinpin.