Irin Eléyín Méjìlélógún Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìta-Ògbólú. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo yọ irin eléyín tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín kúrò, mo sì fi òmíràn sí i. Mo rántí pé nígbà tí ẹ fa kẹ̀kẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Oǹdó, ohun tí ẹ sọ kò ju pé kí n máa kán òróró sí i, kí n má sì pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bá mi wí.

Mo kí Màmá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí àwọn ẹgbẹ́ yín tí ẹ jọ máa ń jókòó lẹ́yìn ìsìn. Mo fi lẹ́tà yìí fún ìwé ìròyìn ìjọ wa nítorí pé ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù dáadáa mọ́. Ìdí kejì ni pé àwọn ọmọ Oǹdó tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri ti ń padà sórí kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n gógó, wọ́n sì ń bi mí ní iye eyín tó yẹ kí wọ́n fi sẹ́yìn. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n má bàa ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Alùpùpù ilé ìwòsàn wa ti wà lábẹ́ igi láti ìgbà òjò, kò sí epo tí a ó rà sí i. Ẹ ṣì rántí abà tí mo sọ fún yín, Àgọ́-Òkè, níbi tí mo ti máa ń gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Aago méje ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ fíríìjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń dé, kò sì sí bí mo ṣe lè gbé kúlà oníyìnyín jáde ṣáájú ìgbà náà. Aago mẹ́jọ ni àwọn ìyá ọmọ máa ń lọ sóko. Wákàtí kan péré ni mo ní. Ọ̀gá wa ti sọ fún wa pé ibi tí a bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra wọn láìrí ọmọ kan gún, òun yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn abà tí à ń lọ, kí àwọn ìyá máa fi ẹsẹ̀ rìn wá bá wa. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ìyá tó ní oko láti ro kò ní fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn lọ, rìn ín bọ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ìṣirò mi. Irin eléyín tó wà níbi ẹsẹ̀ ní eyín méjìdínláàádọ́ta. Èyí tí ẹ fi sẹ́yìn fúnra yín ní mẹ́rìndínlógún. Bí ẹsẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń sáré gan-an lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́sẹ̀ lórí òkè. Bí eyín ẹ̀yìn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹsẹ̀ á máa fúyẹ́, tí eré á sì máa dín kù. Kẹ̀kẹ́ yín kò sì ní jíà tí a lè yí padà lójú ọ̀nà. Èyí tí a bá gbé kúrò nílé náà la ó gbé dé ibi tí à ń lọ.

Òkè kan wà kí a tó wọ abà náà. Ìdí rẹ̀ ló ṣòro gùn jù. Mo jókòó pẹ̀lú bírò, mo rò ó pé bí mo bá ti ilẹ̀ títẹ́jú sáré wá, eré náà yóò gbé mi kọjá ibi tó ṣòro náà, màá sì dìde dúró lórí pẹ́dàlì títí màá fi dé òkè. Mo dán an wò ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn kùtùkùtù. Ó ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Inú mi dùn sí ara mi débi pé mo fi orin bọ̀ wálé.

Ohun tí n kò kọ sínú ìṣirò mi ni pé gbogbo ará abà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo sáré dé ìdí òkè, mo sì bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń hun agbọ̀n lábẹ́ búkà tó wà níbẹ̀ gan-an. Bàbá Alágbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ gùn padà, pẹ́dàlì kò lọ. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́, kúlà fà mí sẹ́yìn, èmi àti kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo wá ronú pé kí n padà sẹ́yìn, kí n tún sáré wá. Mo padà, mo sáré wá, bí mo sì ṣe dé iwájú Bàbá, ó tún pè mí, ó ní òun gbàgbé láti béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Àlàáfíà lẹ wà, mo sọ fún un. Mo wá ti kẹ̀kẹ́ náà gun òkè. Nígbà tí mo fi débẹ̀, aago mẹ́jọ ti kọjá, àwọn ìyá sì ti lọ sóko.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ fún yín. N kò sọ̀ kalẹ̀. Mo kígbe ẹ kú iṣẹ́ o láti orí kẹ̀kẹ́, mo sì kọjá lọ. Mo dé òkè kí aago mẹ́jọ tó lù, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo jókòó. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹni tó yá wa ní yàrá tí a ń lò, ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní Bàbá Alágbọ̀n ti ránṣẹ́ sókè pé nọ́ọ̀sì kan kọjá lára òun bí adìyẹ tó rí àṣá. Ó ní Bàbá béèrè pé ẹni tí kò ní àsìkò láti kí òun, ìgbà wo ni yóò ní àsìkò láti wo apá ọmọ dáadáa kó tó gún un? Ìyá Bọ́sẹ̀ fi kún un, ó sì ń rẹ́rìn-ín, pé àwọn ti rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Oǹdó nìyẹn.

Bàbá mi, ìyẹn dùn mí ju ti òkè lọ. Mo gbé kúlà mi padà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n yọ Àgọ́-Òkè kúrò nínú ìwé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ Bàbá Sálámì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo fi ìwé ìṣirò mi hàn án. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi, ó ní ọwọ́ ìwé mi dára. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: ó ní níbo ni mo ti máa ń dúró? Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé a máa ka bí kẹ̀kẹ́ yóò ṣe sáré, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti máa gbéra lẹ́yìn tó bá dúró ni òun fi ń mú eyín fún un. Ó ní bí mo bá jẹ́ ẹni tí kì í kí ènìyàn, kí n má yọ eléyín mẹ́rìndínlógún. Ó ní ṣùgbọ́n òun gbọ́ ohùn mi, òun mọ̀ pé ilé rere ni mo ti wá.

A dán mẹ́ta wò ní òkè kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a di òkúta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dípò kúlà. Eléyín ogún gbéra, ṣùgbọ́n ó ń fì sọ́tùn-ún sósì. Eléyín mẹ́rìnlélógún gbéra bíi pé kò sí òkè níbẹ̀ rárá, àmọ́ lórí títẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ń lọ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ̀kẹ́ kò sì kúrò lójú kan. N kò lè fi dé abà láàárín wákàtí kan. Méjìlélógún ló wà láàárín. Pẹ̀lú rẹ̀, táyà ń yí po ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ díẹ̀ fún ẹsẹ̀ kan. Ó fi ojú ṣéènì méjì kún ti àtijọ́, ó fa táyà sẹ́yìn díẹ̀, ó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ bẹ Bàbá Alágbọ̀n. Ó ní kí n dìde. Nígbà tí mo sọ ohun tó fà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó ní òun náà ní kẹ̀kẹ́ nígbà kan rí, òkè yìí ni kò jẹ́ kí òun gbádùn rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí n kàn gbé ọwọ́ sókè kí n sì máa lọ, òun yọ̀ǹda.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a lábẹ́ búkà bí àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá láti Ìjù jókòó tì í. Mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti yọ̀ǹda kí nọ́ọ̀sì má máa sọ̀ mọ́. Ìyá náà ní ṣé òun wà níbẹ̀ nígbà tó ń yọ̀ǹda? Mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ fì díẹ̀, ó gbéra. Mo ń gbọ́ tí Ìyá ń ṣàdúrà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń gòkè. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́jọ lù nígbà tí mo dé. Ọmọ mọ́kànlá ni mo gún. Ọmọ-ọmọ Bàbá Alágbọ̀n ni ẹnìkejì, igbe rẹ̀ sì dé ìdí òkè.

Nípa ara mi, mo wà dáadáa. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là, omi àárọ̀ sì tutù. Yàrá mi dákẹ́ jù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àárò ariwo ilé wa a sì máa sọ mí. Àwọn ọlọ́kadà ń bi mí pé ìdíje wo ni mò ń múra sílẹ̀ fún. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé epo tèmi kò tíì wọ́n.

Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú òróró wé eléyín mẹ́rìndínlógún yín, ó wà nínú àpótí mi. Bí ẹ bá fẹ́, màá dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, Bàbá mi, Màmá ti tú àṣírí kan fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní kò sí òkè kan ní Oǹdó tí ẹ kì í ti kẹ̀kẹ́ gùn, pé ẹ máa ń gorí kẹ̀kẹ́ padà kí àwọn tó wà lókè tó rí yín. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, èmi àti ẹ̀yin ti ṣe àṣìṣe kan náà, ara mi sì fúyẹ́.

Kí Ọlọ́run fi agbára sí eékún yín. Kí ojú yín máa ríran ka lẹ́tà wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Èmi ni ọmọ yín, nọ́ọ̀sì oníkẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá wa sọ lórí fóònù lánàá pé ó ṣeé ṣe kí Àgọ́-Òkè ṣì wà nínú ìwé tuntun. Títí di àárọ̀ yìí, ìwé náà kò tíì dé ọwọ́ wa.